Omi iyọ̀, orógbó àti Ebola: Bí àhesọ ọ̀rọ̀ ṣe pa èèyàn ní 2014, àti bí wọ́n ṣe borí ìpayà náà

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, fóònù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sùn. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ẹni tó wà l'Ékòó ń pe àwọn ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kí oníkálùkù dìde, kó gbé omi kaná, kó da iyọ̀ sí i, kó fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu díẹ̀ nínú ẹ̀, torí pé òun ni kò ní jẹ́ kí àrùn Ebola ráyè wọlé. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò dún, aládùúgbò lọ kanlẹ̀kùn fún un. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́, BBM àti WhatsApp ló gbé e kiri, nígbà tí ilẹ̀ sì fi máa mọ́, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti wẹ̀, wọ́n sì ti mu.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé Ebola tó ń jà ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Ààrẹ ìgbà náà, Goodluck Jonathan, náà kéde pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ó sì fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.9 náírà láti fi kojú àrùn náà. Ìkéde méjèèjì dé nígbà tí àwọn èèyàn ti wẹ omi iyọ̀ tán.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, WHO fi ọ̀rọ̀ síta pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Ẹni mẹ́jọ ni Ebola fúnra rẹ̀ pa ní orílẹ̀-èdè yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí èèyàn gbé iye méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á mọ ìdí tí àwọn onímọ̀ ìlera fi ń sọ pé àhesọ ọ̀rọ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àrùn kejì ni.

Bí Ebola ṣe dé Èkó

Ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer, tó ń bọ̀ láti Làìbéríà, gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà, lẹ́yìn tó gba Lomé kọjá. Ìpàdé ECOWAS kan ní Kàlàbá ló ń lọ. Àìsàn ti ń ṣe é kó tó débí, pápákọ̀ náà ló sì ṣubú sí. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lásìkò yẹn, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni First Consultants tó wà l'Óbálẹ́ńdé ni wọ́n gbé e lọ.

Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló fura pé ọ̀rọ̀ náà ju ibà lọ, tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò fún Ebola. Àwọn aláṣẹ Làìbéríà ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí aláìsàn náà máa lọ sí ìpàdé rẹ̀. Adadevoh kọ̀ jálẹ̀. Sawyer kú lọ́jọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà tó dá a dúró náà kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ogún èèyàn ni Ebola mú ní gbogbo Nàìjíríà, ní Èkó àti Port Harcourt nìkan. Méjìlá nínú wọn yè. Kò sí ìlú mìíràn tí wọ́n ti rí aláìsàn Ebola kankan, síbẹ̀ ìpayà kò yọ ìlú kan sílẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń sá kò mọ̀ ni bí àrùn náà ṣe ń ràn. Ebola kì í gba afẹ́fẹ́ bí ọ̀fìnkìn. Inú ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, òógùn, itọ́ àti omi ara mìíràn tó jáde lára aláìsàn tàbí lára òkú ló wà. Ẹni tó ti kó o ṣùgbọ́n tí àìsàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀ kì í kó o ran ẹlòmíì. Láàárín ọjọ́ 2 sí 21 lẹ́yìn tí ó bá wọ ara ló máa ń fara hàn. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà n'Íbàdàn tàbí ní Òṣogbo, tí kò tọ́jú aláìsàn Ebola, tí kò sì wẹ òkú ẹni tí Ebola pa, kò ní ohun tó ń fi iyọ̀ lé. Ẹni tó sì ti fara kan aláìsàn gan-an, kòkòrò tó ti wọ inú ara kò ní torí ìwẹ̀ jáde.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe nínú ara?

Ọ̀pọ̀ ló sọ lọ́jọ́ yẹn pé bí kò bá ṣe é lóore, kò ní ṣe é níbi. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣe ló máa ń fa omi jáde kúrò nínú àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké, títí kan ti ọpọlọ. Òùngbẹ á gbẹ èèyàn, á máa bì, orí á máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á máa ṣú. Bó bá le jù, gìrì á mú un, ó sì lè dákú. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tètè ń bá. Àwọn àgbàlagbà tí àwọn ọmọ wọn pè láàárín òru láti fi ìfẹ́ hàn sí wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru sì pọ̀ lára wọn jù.

Ohun tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu ni pé omi tí wọ́n fi iyọ̀ sí wà nínú ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú Ebola lóòótọ́. Àìsàn náà máa ń jẹ́ kí èèyàn bì, kí ó sì yàgbẹ́ títí omi ara rẹ̀ á fi tán, torí náà omi ORS ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn mu léraléra ní ibùdó ìtọ́jú ní Yaba. Dókítà Ada Igonoh, ọ̀kan nínú àwọn tó yè, kọ ìrírí rẹ̀ síta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ń fipá mu ORS lójoojúmọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ORS kò tó nǹkan. Bí èèyàn bá fẹ́ pò ó nílé fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, lítà omi tó mọ́ kan, ṣíbí ìtíì ṣúgà mẹ́fà tí kò kún jù, àti ààbọ̀ ṣíbí ìtíì iyọ̀ péré ni. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ òru ọjọ́ yẹn kò mẹ́nu ba ìwọ̀n.

Kí ló dé tí wọ́n gbà á gbọ́?

Ó rọrùn láti pe àwọn tó mu omi iyọ̀ ní òpè. Àwọn tó kàwé wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ ló sì tún fi kún un pé àwọn kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí àwọn ṣáà sọ ọ́. Ẹnu ẹni tí wọ́n fọkàn tán ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Tí ìyá ẹni bá pe èèyàn ní aago mẹ́rin ìdájí pẹ̀lú ohùn ẹkún, ta ni yóò ní kí màmá kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ?

Ohun tó wà nínú àhesọ náà gan-an tún ràn án lọ́wọ́. Iyọ̀, omi àti orógbó kì í ṣe àlejò nílé Yorùbá. Orí àwo ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pàdé ọmọ: omi tí kò ní ọ̀tá, iyọ̀ kí ayé rẹ̀ lè dùn, orógbó kí ó lè gbó sáyé. Ẹni tí wọ́n bá ní kó fi iyọ̀ àti omi gbóná lé ikú lọ, ohun tó ti mọ̀ láti kékeré ni wọ́n ń sọ fún un. Ká ní kẹ́míkà kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n dárúkọ, bóyá ì bá kọ́kọ́ rò ó wò.

Ti orógbó yàtọ̀ díẹ̀, torí pé òótọ́ kékeré kan wà nídìí rẹ̀. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko kan ní ìlú St. Louis l'Ámẹ́ríkà pé ohun tí wọ́n yọ láti inú orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú yàrá àyẹ̀wò. Ìròyìn náà ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Sawyer tó dé, ṣùgbọ́n ó jí padà ní 2014, owó orógbó sì gbéra lọ́jà. Ohun tó já bọ́ nínú ìtàn náà lójú ọ̀nà ni pé inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe nínú ara èèyàn. Nǹkan tó ń pa kòkòrò nínú ìgò pọ̀ jàra, iná pàápàá ń pa á. Èyí tí èèyàn lè jẹ tí yóò sì wo aláìsàn sàn kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó fi hàn pé jíjẹ orógbó ń dènà Ebola.

Ẹran ìgbẹ́ náà gba tirẹ̀. Òótọ́ ni pé kòkòrò náà máa ń wà lára àwọn ẹranko kan nínú igbó, àdán pàápàá, òótọ́ sì ni pé fífọwọ́ kan ẹran tó kú fúnra rẹ̀ nínú igbó léwu. Àmọ́ ọ̀dọ̀ èèyàn ni gbogbo Ebola tó jà ní Nàìjíríà lọ́dún náà ti wá, wọ́n sì lè tọpa rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ pàdánù oníbàárà, nígbà tí àwọn tó ń ta ọṣẹ ìfọwọ́ olómi ń fowó lé ọjà wọn.

Nígbà tí ìjọba náà kù díẹ̀ káàtó

Àwọn ará ìlú nìkan kọ́ ló ń wá oògùn òjijì. Ní àárín oṣù Kẹjọ, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Onyebuchi Chukwu, kéde pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Nano Silver ti dé, àti pé wọ́n fẹ́ dán an wò lára àwọn aláìsàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí lórí ìlera kò fọwọ́ sí i, wọn kò sì lò ó. Ó dára pé ìgbìmọ̀ náà dúró lórí òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ lẹ́nu mínísítà pé oògùn ti dé, tó tún gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò sí oògùn mọ́, kí ni yóò rò? Irú àlàfo báyìí ni àhesọ máa ń kọ́lé sí. Aládùúgbò tó ń sọ pé ìjọba ń fi nǹkan pa mọ́ rí ẹ̀rí tuntun mú lọ́wọ́.

Òtítọ́ tó le láti sọ lásìkò náà ni pé kò sí oògùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún Ebola, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ó korò létí, àmọ́ apá kejì rẹ̀ wà tí kò korò: ẹni tó bá tètè dé ibùdó ìtọ́jú, tí wọ́n ń fún ní omi, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn àìsàn mìíràn tó bá wọlé, ó lè yè. Méjìlá nínú ogún yè. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ apá méjèèjì pọ̀, tí àwọn tó yè sì ń jáde sí gbangba, ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ojúlé dé ojúlé

Ohun tó ṣẹ́gun Ebola ní Nàìjíríà kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìdarí pàjáwìrì kan sílẹ̀, wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà wá síbẹ̀. Dókítà Faisal Shuaib ló darí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń kí baálé ilé, bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò fẹ́ rí wọn títí yóò fi ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n wá ẹnikẹ́ni tó ti fara kan aláìsàn Ebola kàn. Wọ́n jẹ́ 894. Lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, òṣìṣẹ́ kan á dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, á wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, á béèrè bó ṣe sùn mọ́jú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi parí, irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti tó 18,500. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n lọ sí ilé tó tó 26,000 ní agbègbè tí àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ yìí ń gbé, l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers, láti ṣàlàyé fún àwọn aládùúgbò bí àrùn náà ṣe ń ràn àti bí kì í ṣe é ràn.

Iṣẹ́ kejì yìí ni àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí, bẹ́ẹ̀ òun ló dojú kọ àhesọ tààrà. Rédíò ṣe tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ṣe tirẹ̀, àwọn dókítà àti ilé iṣẹ́ ètò ìlera sì jáde láti sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò kò lè dáhùn ìbéèrè ẹni tó ní, "Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni wọ́n ti gbé ẹnì kan lọ ní àná, ṣé kí n kó àwọn ọmọ mi lọ sí abúlé ni?" Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà lè dá a lóhùn. Ó lè sọ fún un pé bí kò bá fọwọ́ kan aláìsàn náà, kò sí ewu. Pé bí ó bá sì kó àwọn ọmọ lọ, tí ibà lásán bá mú ọ̀kan nínú wọn lọ́hùn-ún, abúlé náà ni yóò sá fún un. Bí aládùúgbò náà bá bínú, ó rí ẹni bínú sí. Bó bá sì ní ìbéèrè mìíràn lọ́la, òṣìṣẹ́ náà á tún dé.

Èyí yàtọ̀ gédégédé sí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó kan náà ní 1918, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi SS Bida gbé àrùn ọ̀fìnkìn tó ń jà káàkiri ayé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ìjọba amúnisìn rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera káàkiri ilé láti máa wá aláìsàn jáde, láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ tó yé wọn. Kàkà kí àwọn èèyàn dúró kí wọ́n kó wọn lọ síbi ìyàsọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà bá ara wọn lọ sí àwọn ìlú òkè. Òṣìṣẹ́ ìlera wá sẹ́nu ọ̀nà ní ọdún méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n bá wá.

Ìyẹn kò ní kéèyàn sọ pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán ní 2014. Ẹnì kan nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ yọ́ lọ sí Port Harcourt, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ sì kó àrùn náà, ó kú. Àwọn tó yè padà sílé, wọ́n bá àwọn èèyàn tí kò fẹ́ jókòó tì wọ́n. Ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí kòkòrò kò sí lára rẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń sá fún, nígbà tí wọ́n ń gba omi iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni WHO kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí ọjọ́ 42 kọjá láìsí aláìsàn tuntun.

Ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún tún ṣẹlẹ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, nígbà tí àrùn monkeypox ń jà, àwọn ọmọ ogun ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ará ìlú ní ìpínlẹ̀ Anambra. Àhesọ jáde pé abẹ́rẹ́ tó ń kó monkeypox ranni ni wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn òbí ya wọ iléèwé láti kó ọmọ wọn, àwọn ọmọ mìíràn fo ojú fèrèsé. Ìpayà náà tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò sí sójà kankan tó ń gún abẹ́rẹ́ rárá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kété tí Ààrẹ Donald Trump l'Ámẹ́ríkà yin chloroquine gẹ́gẹ́ bí oògùn COVID-19, àwọn èèyàn tú jáde lọ ra á l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn aláṣẹ ìlera ìpínlẹ̀ náà sọ pé wọ́n ti gbé ẹni méjì dé ilé ìwòsàn torí pé wọ́n ṣì í lò. Oògùn ibà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti mọ̀ tipẹ́ ni chloroquine. Bíi ti iyọ̀, ìmọ̀lára pé a mọ nǹkan yìí ló jẹ́ kí wọ́n gbé e mì láì béèrè ìwọ̀n.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Fún ẹni tó mu omi iyọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ọjọ́ kan ti pẹ́ jù.

Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá tún wọlé

Àtẹ̀jíṣẹ́ òru 2014 ní àwọn àmì tó hàn kedere. Ó ní kí wọ́n ṣe é kíákíá, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ráyè béèrè. Kò ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́. "Wọ́n ní" ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n bá mọ̀. Kò sì sí àrùn kan tó ń wọ̀lú tí ìwòsàn rẹ̀ ní àsìkò ìdájí nìkan.

Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá pè báyìí kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹni tí wọ́n bá bú kò ní pe èèyàn mọ́ nígbà mìíràn, àhesọ tó kàn yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bá a tú u. Kí ó dúpẹ́ pé wọ́n rántí òun, kí ó ní kí wọ́n má tíì mu tàbí jẹ ohunkóhun, kí ó sì pe àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, NCDC, lórí nọ́ńbà ọ̀fẹ́ 6232, tàbí kí ó lọ bi nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera tó sún mọ́ wọn jù. Ẹni tó bá ti mu omi iyọ̀ púpọ̀, tó ń bì, tí orí ń fọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún dókítà bí iyọ̀ náà ṣe pọ̀ tó àti aago tó mu ún. Ẹni tó bá sì ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ kó tó mọ̀ pé irọ́ ni, kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà tó fi ránṣẹ́ sí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ fún wọn pé kì í ṣe òótọ́.